Àbàwọ́n Ojú Ọ̀run Tí Ìyá Àgbà Kì Í Wò

Inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni a ti ń jẹun alẹ́ nígbà ọyẹ́ nílé wa ní Bantè, bẹ́ẹ̀ àgbàlá wa fẹ̀ tó ibi tí ogún ènìyàn lè jókòó sí láìfara kan ara. Ìyá àgbà ló pa á láṣẹ. Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè wa bẹ̀rẹ̀ sí í là, tí eruku pupa bo ewé kajú tó wà lẹ́yìnkùlé, ohùn rẹ̀ ni a ó gbọ́ ní kété tí a bá kírun Mọ̀gàríbì tán: "Ẹ gbé oúnjẹ wọlé." Bàbá mi á gbé àtùpà, ìyá mi á gbé àwo iyán, èmi á gbé ìkòkò ọbẹ̀ ilá, àwọn àbúrò mi méjì á sì máa jà lórí ẹni tí yóò gbé omi. A ó há ara wa mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà, orúnkún á kan orúnkún, èéfín àtùpà á máa ta wá lójú, kò sì sí ẹni tí yóò bèèrè ìdí. Bí mo ṣe bá a nílé nìyẹn, mo sì rò pé nítorí òtútù ni. Òjò àkọ́kọ́ ló máa ń dá wa padà sí àgbàlá, a ó sì máa jẹun níta títí ọyẹ́ mìíràn yóò fi dé. Ọdún tí mo fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni mo tó mọ̀ pé òtútù kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ohun kan wà ní ojú ọ̀run ní àsìkò náà tí ìyá àgbà kò fẹ́ kí orí ẹnikẹ́ni nínú wa wà lábẹ́ rẹ̀.

Ìyá àgbà yìí ni ó bí ìyá mi, òun ló sì ni ilé. Owó gààrí ló fi kọ́ ọ, yàrá kan lẹ́yìn òmíràn, lẹ́yìn tí òun àti ọkọ rẹ̀ kó kúrò ní Pira wá sí ìlú. Ọkọ náà kò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Mi ò mọ̀ ọ́n. Bàbá mi wá láti Nàìjíríà ní tirẹ̀, ó ń fi kẹ̀kẹ́ ru epo oyìnbó kiri, ó gba yàrá kan lọ́wọ́ ìyá àgbà, ó sì fi ibẹ̀ fẹ́ ọmọ onílé. Nígbà tí mo gbọ́njú, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù kan níwájú ilé níbi tí ó ti ń ta epo bẹntiróòlù, ọ́ìlì àti ẹ̀yà ara alùpùpù, síbẹ̀ bí ó bá ń bá ìyá àgbà sọ̀rọ̀, ohùn ayálégbé ló fi ń sọ ọ́. Èdè tó wà nílé wa pọ̀. Ìṣà, tó jẹ́ ẹ̀ka Yorùbá kan, ni ìyá mi àti ìyá àgbà ń sọ, bàbá mi ń sọ Yorùbá bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú rédíò rẹ̀, a ń kó Faransé bọ̀ láti ilé ìwé, a sì ń sọ Máhì bí a bá dé Savalou. Ìṣà ni gbogbo ohun tí ìyá àgbà sọ nínú ìtàn yìí; mo kàn ń kọ ọ́ bí yóò ṣe yé gbogbo wa ni.

Bí mo bá dijú báyìí, ìró ilé náà ṣì wà létí mi. Ìgbálẹ̀ ìyá àgbà ló ń kọ́kọ́ dún ní ìdájí, á gbá àgbàlá láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí kajú, á sì padà wá gbá ibi tó ti gbá. Lẹ́yìn náà ni igbá tí ìyá mi fi ń ro gààrí á bẹ̀rẹ̀ sí í ha agbada gbígbóná, ṣáá, ṣáá, títí oòrùn á fi là. Èmi ni mo ń pọn omi, èmi ni mo ń jọ gààrí, bí mo bá sì ti ilé ìwé dé, mo ń bá bàbá mi fa epo láti inú kẹ́ẹ̀gì ńlá sínú ìgò. Ó fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fẹnu fà á, á sì dúró tì mí, á máa sọ pé, "Rábì, má gbé e mì o." Mo mọ bí epo ṣe ń rí lẹ́nu, èmi tí n kò tilẹ̀ tíì mu bíà rí títí di òní. Ìyá àgbà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ga, ó gbẹ, ojú rẹ̀ sì dá ṣáṣá bí ohun tó fẹ́ wò bá jìnnà. Ó lè jókòó sí ẹnu ọ̀nà kó sọ ẹni tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Gouka fún wa nípa bí ó ṣe ń rìn, nígbà tí àwa kò tíì rí ju ohun dúdú kan lọ nínú eruku. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ rán aṣọ, èmi ni mo ń bá a ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Á ní, "Ohun tó wà nítòsí ti sú ojú mi."

Ọdún náà, mo wà ní ọdún kẹta ní kọ̀léèjì, mo sì jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Savalou kan ló ń kọ́ wa ní fisíìkì. A ń pè é ní Mùsé Kòjó; Mùsé ni Faransé ń pe ọ̀gbẹ́ni. Ní ọjọ́ kan, ó wọ kíláàsì, ó bi wá pé kí ló wà láàárín ìràwọ̀ kan àti èkejì. A ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Ó ní irọ́ ni. Ó ní afẹ́fẹ́ wà níbẹ̀, àti eruku tó kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, ó kàn fọ́n ká ni. Ṣùgbọ́n àwọn ibì kan wà tí ó ti pọ̀ jọ, tí ó di ìkùukùu. Kì í ṣe irú èyí tó ń di òjò o. Ìkùukùu kan níbẹ̀ lè gba oòrùn àti ayé àti ohun gbogbo tó ń yí oòrùn ká, kí gbogbo rẹ̀ sì dà bí hóró gààrí kan nínú àpò. Ó ní ibẹ̀ tutù ju ibikíbi tí a lè rò lọ, òtútù náà sì ni ó jẹ́ kí háídírójìn, tí í ṣe afẹ́fẹ́ tó fúyẹ́ jù lọ, lè so mọ́ra ní méjì méjì. Ìsopọ̀ yẹn ni wọ́n ń pè ní mọlẹ́kúù. Díẹ̀díẹ̀, ìkùukùu náà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìwúwo ara rẹ̀ fa ara rẹ̀ jọ, àárín rẹ̀ á ki, á gbóná, á máa gbóná sí i fún àìmọye ọdún, títí yóò fi ràn. "Ohun tó ràn yẹn ni ìràwọ̀," ni ó wí. "Bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, wọ́n ń bí òmíràn lọ́wọ́." Ó wá ní kí a wo ojú ọ̀run bí ilẹ̀ bá ṣú. A ó rí ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò tẹ̀léra, gbọọrọ. Lábẹ́ wọn, a ó rí àwọn kékeré tó rọ̀ wálẹ̀, èyí tó wà láàárín wọn kò ní mọ́ bí àwọn tó kù. Yóò dà bí ibi tí ènìyàn fi àtàǹpàkò pa ẹfun rẹ́ lára pátákó. "Ibẹ̀ ni. Iyàrá ìkúnlẹ̀ àwọn ìràwọ̀ ni ẹ ń wò yẹn."

Mo rí i ní ọjọ́ náà gan-an. Afẹ́fẹ́ ti gbá díẹ̀ nínú eruku lọ, mo ń bá bàbá mi kó ìgò epo wọlé, mo gbé ojú sókè, ó sì wà níbẹ̀ bí Mùsé Kòjó ṣe wí. Mo sáré wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mi ò tilẹ̀ tíì jókòó tán tí mo fi ń sọ ọ́: àwọn mẹ́ta tó tò, àbàwọ́n tó wà lábẹ́ wọn, àti pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bí ìràwọ̀ tuntun. Ọwọ́ ìyá àgbà dúró nínú àwo.

"Lábẹ́ àwọn mẹ́ta tó tò tẹ̀léra?" ni ó bi mí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àgbà."

"Ta ló rán ọ pé kí o wo ibẹ̀?"

"Olùkọ́ wa ni."

Ó fa omi mọ́ra, ó ṣan ọwọ́ rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì jẹ ju òkèlè mẹ́ta lọ. "Ohun tó ń jẹrà ni olùkọ́ rẹ ń pè ní ọmọ tuntun," ni ó wí. "Má ṣe gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ inú ilé mi mọ́." Ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀, a sì gbọ́ tí ó ti ilẹ̀kùn. Bàbá mi wo ìyá mi, ìyá mi wo ilẹ̀. Iyán tútù sínú àwo, àwọn àbúrò mi nìkan ló rí i jẹ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ìdí agbada gààrí, ìyá mi sọ ohun tí kò sọ fún mi rí. Kò dáwọ́ iṣẹ́ dúró. Ó ń ro gààrí, ó ń sọ̀rọ̀, igbá ń ha agbada. Ó ní òun kọ́ ni àkọ́bí ìyá òun. Obìnrin kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Àìná, ọkùnrin kan sì tẹ̀lé e tí irun orí rẹ̀ ta kókó, tí wọ́n ń pè ní Dàda. Pira ni wọ́n bí wọn sí. Ìgbà ọyẹ́ kan ni èéyí wọ ìlú náà, ó sì mú àwọn méjèèjì. Ooru ara wọn kò jẹ́ kí wọ́n lè sùn nínú yàrá, nítorí náà ìyá àgbà ń tẹ́ ẹní sí àgbàlá, á gbé wọn lé itan, á máa fi aṣọ tútù nu wọ́n. Àìná kọ́kọ́ lọ. Ọjọ́ kẹjọ, Dàda tẹ̀lé e. Oyún ìyá mi wà nínú ìyá àgbà nígbà náà. Baálé àdúgbò kan tó wá kí i ló nawọ́ sókè, ó fi àbàwọ́n náà hàn án, ó ní ìràwọ̀ kan ló ń jẹrà níbẹ̀ yẹn, pé ilé tí ó bá dúró lé lórí kì í rọgbọ. "Ó sì ti dúró lé wọn lórí ní gbogbo àkókò tí wọ́n fi wà ní àgbàlá," ni ìyá mi wí. "Òun fúnra rẹ̀ ló gbé wọn síbẹ̀. Ohun tó ń jẹ ẹ́ nínú nìyẹn. Kò padà sí Pira mọ́ láti ìgbà tí ó ti jáde, kò sì dárúkọ wọn rí létí mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló sọ ọ́ fún mi."

Mo ti ju ẹni àádọ́ta ọdún lọ wàyí, mo sì mọ ohun tó pa àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Èéyí ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún fún ọmọ ọwọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ ní ilé ìwòsàn lónìí ì bá dá a dúró, kò sì sí ẹni tó mú un dé Pira nígbà náà. Ìyá tó bá gbé ọmọ rẹ̀ sí atẹ́gùn nítorí ooru ara kò ṣe àṣìṣe kankan. Ṣùgbọ́n ọmọdé ni mí nígbà náà, n kò ní ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu. Ohun tí mo ní kò ju ìdánilójú kan lọ: Mùsé Kòjó kì í ṣe ẹni tó ń purọ́, ìyá àgbà pàápàá kì í purọ́, nítorí náà, ọ̀kan nínú wọn ní láti tún ibẹ̀ wò dáadáa. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi báyìí gan-an nínú ṣọ́ọ̀bù. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní, "Ní Sátidé, wàá bá mi dé Savalou. Mo fẹ́ lọ ra táyà."

A ra táyà lóòótọ́. Ọjà Savalou kún fún iṣu ní àsìkò náà, wọ́n tò ó jọ gègèrè lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn ọlọ́jà ń pè wá ní Máhì, èmi ni mo ń dáhùn fún bàbá mi. Nígbà tí ó ti di ẹrù rẹ̀ tán, ó ní, "Ó yá, mú mi lọ sílé olùkọ́ rẹ." Gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ni Mùsé Kòjó máa ń lọ sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní Savalou, gbogbo wa ní kíláàsì ló sì mọ ilé náà. A bá a níbi tó ti ń fọ aṣọ. Ó nu ọwọ́, ó gbé àga fún bàbá mi, ó bu omi fún wa. Bàbá mi mu omi náà tán kí ó tó sọ̀rọ̀.

"Mùsé, mi ò bá ìjà wá. Ọmọ mi ní ẹ ní ìràwọ̀ ni wọ́n ń bí níbẹ̀ yẹn. Ìyá tó ni ilé tí mò ń gbé ní ìràwọ̀ kan ló ń jẹrà. Mo fẹ́ mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, kí n lè mọ ohun tí n ó sọ nílé."

Mùsé Kòjó wọlé, ó mú ìwé kan jáde tí ó já láti inú ìwé ìròyìn Faransé, ó tẹ́ ẹ sórí orúnkún bàbá mi. Àwòrán tó wà lára rẹ̀ pupa, ó tún ní àwọ̀ aró díẹ̀, ó rú bí èéfín tí atẹ́gùn ń dà láàmú, ìràwọ̀ kéékèèké sì wà ní àárín rẹ̀ gan-an. Ó ní ibi tí à ń rí yẹn kò ju igun kan lọ lára ìkùukùu náà, ibi tí àwọn ìràwọ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí tanná sí. Ìyókù rẹ̀ ṣókùnkùn, ó lọ jìnnà lẹ́yìn wọn, ojú lásán kò lè rí i. Bàbá mi gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè sílẹ̀ bí ẹni tó ń ra ọjà.

"Ọmọ mi ní ó tutù. Báwo ni ohun tútù ṣe ń di iná?"

"Ẹ ń ta epo, bàbá. Bí oòrùn bá pa kẹ́ẹ̀gì epo yín, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí i?"

"Á wú. Bí n kò bá tú ìdérí rẹ̀ díẹ̀, ó lè bẹ́."

"Bí alẹ́ bá lẹ́ ńkọ́?"

"Á sọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ náà ni. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná, ńṣe ló ń fẹ́ sá fún ara rẹ̀. Èyí tó tutù nìkan ló lè gbà kí ìwúwo rẹ̀ kó o jọ. Bí ìkùukùu yẹn kò bá tutù tó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, kò lè kó jọ láéláé. Ìgbà tó bá ti kó jọ tán, tí àárín rẹ̀ há mọ́ra gidigidi, ni ìhámọ́ra yẹn fúnra rẹ̀ á wá sọ ọ́ di gbígbóná. Bí ẹ bá ń fọ́n afẹ́fẹ́ sí táyà, ṣé ẹ ti fọwọ́ kan ìdí fáńpù rí?"

"Ó máa ń gbóná," ni bàbá mi wí. Ó wo táyà tuntun tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rí i ní ojú rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ìgbà yẹn ni ó wá sọ ìtàn Àìná àti Dàda fún Mùsé Kòjó, ní ohùn kékeré, ó sì bi í bóyá ó lè wá sọ ọ́ fún ìyá àgbà fúnra rẹ̀. Mùsé Kòjó fọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ẹ̀rù ìyá yín ń bà mí, bàbá. Ṣùgbọ́n n ó wá." Ó ní ẹ̀gbọ́n òun tó ń ṣọ́ igbó ìjọba ní awò olójú méjì kan tí wọ́n fi ń wo òkèèrè, òun yóò yá a lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e ni ó gun alùpùpù rẹ̀ wọ àgbàlá wa, oòrùn kò tíì wọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá àgbà lórí iyẹ̀pẹ̀, gbogbo àyà ẹ̀wù rẹ̀ pọ́n. Ìyá àgbà wò ó títí. Àlejò ni, nítorí náà ó ní kí n po gààrí fún un kí n sì fi ẹ̀pà sí i, ó jẹ́ kó jẹ ẹ́ tán.

"Ìwọ ni olùkọ́ tó ń wo ojú ọ̀run," ni ó wí.

"Èmi ni, ìyá. Mo gbọ́ pé ọ̀rọ̀ mi dùn yín. Mo wá bẹ̀ yín."

"O wá kó ọ̀rọ̀ rẹ jẹ?"

Mùsé Kòjó wo bàbá mi, ó wo èmi náà. Yorùbá rẹ̀ ní ohùn Máhì nínú, ó sì ń ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. "Rárá, ìyá. Mo bẹ̀ yín nítorí pé ó dùn yín. Ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, òótọ́ ni. Mi ò lè kó o jẹ."

Mo rò pé yóò lé e jáde. Ṣùgbọ́n ńṣe ni ara ìyá àgbà rọ̀ díẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún, ó ní, "Nígbà náà, dúró títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. O ó fi hàn mí."

Lẹ́yìn ìrun Ìṣáì, ó jáde. Mo fẹ́ kí ẹ rí i bí mo ṣe rí i: obìnrin gíga kan tó fi gèlè di etí mọ́ orí, tó dúró ní ẹnu ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó kọ́kọ́ ti ẹsẹ̀ kan bọ́ sí àgbàlá ara rẹ̀ bí ẹni tó ń dán omi wò. Bàbá mi lọ dúró níwájú rẹ̀, ó ní kí ó fi èjìká òun ṣe ibi ìgbọ́wọ́lé. Ó gbé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ lé èjìká àna rẹ̀, Mùsé Kòjó fi awò náà sí i lójú, ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, títí ìyá àgbà fi ní, "Ó dúró." Ìyá mi di ọwọ́ mi mú. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni ìyá àgbà ní, "Èéfín ni. Nǹkan wà nínú èéfín náà."

"Mélòó ni ẹ rí, ìyá?"

"Méjì. Mẹ́ta. Wọ́n kéré, wọ́n ń tàn."

"Àwọn ni ọmọ tuntun náà. Iná wọn ló ń jẹ́ kí ẹ rí èéfín."

Ó tún wò ó. Lẹ́yìn náà ni ó bi í ní ìbéèrè tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún rò. Ó ní, "Àwọn tí wọ́n ń bí níbẹ̀, ṣé gbogbo wọn ló ń yè?"

Mo mọ̀ pé ọkùnrin náà lè ti dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, kí ó sì fi ìyẹn tù ú nínú. Ó fa èémí. "Rárá, ìyá. Òmíràn á bẹ̀rẹ̀ sí í kó jọ, kò ní tó, á sì tún tú ká. Kò sí ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, kò sì sí ẹni tó fi í bú. Kò tó ni."

Ìyá àgbà kò gbé awò kúrò lójú. "Ó jìnnà tó báwo?"

"Ìmọ́lẹ̀ tí ẹ ń rí yẹn ti kúrò níbẹ̀ láti ohun tó ju ẹgbẹ̀rún ọdún lọ. Ọ̀nà ló ti wà láti ìgbà yẹn. Alẹ́ òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé."

Ìyá àgbà sọ awò náà kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó dá a padà fún un. Mo rí i tí ó ń ṣírò nínú ara rẹ̀, ètè rẹ̀ ń mì. "Èyí tí mo rí ní Pira," ni ó wí, "ó ti gbéra kí wọ́n tó bí mi."

"Kí wọ́n tó bí ìyá ìyá yín."

"Kò mọ̀ pé mo wà níbẹ̀."

"Kò mọ̀, ìyá."

"Kò mọ àwọn ọmọ náà."

"Kò mọ̀ wọ́n."

Ó jókòó sórí ìdí odó tó dojú dé nílẹ̀. "Àìná," ni ó wí. "Àìná máa ń ké bí ewúrẹ́. Yóò fara pamọ́ sẹ́yìn ilé, yóò ké, gbogbo wa á jáde wá ewúrẹ́ tó já. Dàda kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan orí òun bí kò bá jẹ́ Àìná." Ìyá mi kúnlẹ̀ tì í, ó gbé orí lé itan rẹ̀, ó sì ń sunkún, ó ti tó ẹni ọdún márùnlélọ́gbọ̀n kí ó tó gbọ́ bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣe ń ṣeré. Ìyá àgbà kò sunkún. Ó kàn ń sọ ọ́ lọ, ìtàn kan ń fa òmíràn, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí gèlè ìyá mi. Bàbá mi àti Mùsé Kòjó rọra lọ dúró sí ìta níwájú ṣọ́ọ̀bù.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, a dúró ká gbọ́ ohùn rẹ̀, kò sọ pé ká gbé oúnjẹ wọlé. Ó ti tẹ́ ẹní sí àgbàlá. Òtútù mú wa dáadáa níbẹ̀, ọyẹ́ ń ta wá nímú, àwọn àbúrò mi ń kùn pé ọ̀dẹ̀dẹ̀ dára jù, ìyá àgbà sì ní kí wọ́n lọ fi aṣọ bora. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu ohun tí n ó fi ayé mi ṣe. Mo ń kọ́ni ní fisíìkì ní Savalou di òní yìí, ọdún kì í yí po kí n má kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ lórí ìkùukùu tí ìràwọ̀ ti ń jáde. Ìwé tí mo ka lẹ́yìn ìgbà náà pọ̀, mo sì mọ ohun púpọ̀ tí Mùsé Kòjó kò mọ̀. Síbẹ̀, bí ọmọ kan bá bi mí bóyá gbogbo ìkùukùu ló ń di ìràwọ̀, bí ó ṣe dáhùn ní alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo ń dáhùn, mi ò fi ọ̀rọ̀ dídùn bò ó. Mo ti rí ohun tí òótọ́ tí wọ́n fi pẹ̀lẹ́tù sọ lè ṣe fún ènìyàn.

Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún náà, ìyá àgbà jí ní àárọ̀ kan, ó wọ aṣọ ìrun rẹ̀ tó mọ́ jù, ó ní kí n bá òun dé Pira. Alùpùpù akérò tí à ń pè ní zẹ́míjàn ló gbé wa, òun ló jókòó sí àárín, mo sì di ìbàdí rẹ̀ mú láti ẹ̀yìn. Ilé tí ó ti gbé rí ti wó. Ibi tí àgbàlá náà wà ti di oko iṣu, ebè kún ún láti igun dé igun. Ọmọ àbúrò ọkọ rẹ̀ kan tó ń roko níbẹ̀ dá a mọ̀, ó ju ọkọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ ohun tí a bá wá, ó tì í lójú. Ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n sin ènìyàn síbẹ̀, òun yóò tú àwọn ebè náà ká lónìí olónìí.

"Má tú u," ni ìyá àgbà wí. "Jẹ́ kí iṣu wà níbẹ̀. Wọ́n fẹ́ràn iṣu."

Ó rìn láàárín àwọn ebè títí ó fi dé ibi kan lẹ́yìn ibi tí ògiri yàrá rẹ̀ ti wà, ó dúró. Ó fà mí mọ́ ara. "Àìná, Dàda," ni ó wí, bí ìgbà tí ènìyàn bá ń pe ọmọ tó wà nínú yàrá kejì, "ọmọ àbúrò yín rèé. Rábíà ni orúkọ rẹ̀. Mo pẹ́, mo mọ̀." Ó tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa koríko tó hù láàárín ebè, èmi náà tẹ̀, mo ń fà á. Nígbà tí oòrùn ti mú gan-an, àwọn ará ilé gbé omi àti iyán wá fún wa, wọ́n sì bi í pé ìgbà wo ló tún ń bọ̀.

Ó ní, "Ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀. Koríko kò tíì tán."

Ó sì lọ ní Jímọ̀ náà, àti lẹ́yìn rẹ̀, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kọ̀ tí kò lè gun alùpùpù mọ́. Láti ìgbà náà, èmi ni mo ń lọ.